Owó Fàdákà Tó Ní Àpá Lẹ́yìn Ọrùn

Ìyá mi kì í gba ṣéńjì bí àwọn èèyàn yòókù ṣe ń gbà á. Abọ́ tánńganran àti ìkòkò ló ń tà ní ọjà Abobo, ní Abidjan. Gbogbo owó onírin tí wọ́n bá fún un, á kọ́kọ́ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á wo ojú rẹ̀, á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí ká, kó tó wá sọ ọ́ sápò. Àwọn oníbàárà rò pé owó ayédèrú ló ń wá. Àwọn Dioula tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá Anago yìí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan ìjọba tó rọ owó. Ìyá mi á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì gba òmíràn, á tún tọ etí rẹ̀ yí ká. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọmọ ló ń wá.

Kí wọ́n tó bí mi, ọmọbìnrin kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn kan sì ti kú ṣáájú ìyẹn. Èjìgbò ni gbogbo àwọn àgbà tó wà nínú àgbàlá wa nígbà náà ti wá, wọ́n sì fẹnu kò pé ọmọ kan náà ló ń wá tó ń lọ, pé àbíkú ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí pẹ́ díẹ̀. Ó rìn, ó pe ìyá mi ní ìyá, ó mọ ẹni tó lè ra búrẹ́dì fún un àti ẹni tí kò lè rà á. Ìyá mi so owó fàdákà ńlá kan mọ́ ọn lọ́rùn nínú àpò aṣọ kékeré. Bàbá ìyá rẹ̀ ló ni owó náà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ta obì ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Dahomey, nígbà tí wọ́n ń ná fàdákà Faransé níbẹ̀. Nígbà tí owó bébà dé, bàbá náà ní òun ò lè ri ìwé mọ́lẹ̀ kí ikán jẹ ẹ́. Fàdákà rẹ̀ ló rì mọ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sì hú u lẹ́yìn tó kú.

Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn kú, àwọn àgbà mú ọ̀bẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un nìyẹn: wọ́n á gé àbíkú ní ọmọ ìka, tàbí kí wọ́n ya etí rẹ̀, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá tún padà wá, kí ojú sì tì í láti lọ mọ́. Ìyá mi ní ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀bẹ kan ọmọ òun. Ó tú owó náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e lé etí ọlọ, ó fi àdá gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn ọrùn ọba tó wà lójú owó náà. Ó fi í sí ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, ó sì pa àwọn ìka rẹ̀ dé e. Ó ní, "Bí o bá ń bọ̀, mú un bọ̀, kí n lè mọ̀ pé ìwọ ni." Inú igbó lẹ́yìn ilé ni wọ́n sin ín sí, torí igbó ṣì pọ̀ ní Abobo nígbà náà.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Wọ́n ní bí mo ṣe já sílẹ̀ ni ìyá mi ti la ọwọ́ ọ̀tún mi, ó sì la tòsì. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. "Ìwọ, ọwọ́ òfo lo wá," ohun tó máa ń sọ fún mi nìyẹn. Kì í fi bú mi o, ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá ni. Ṣùgbọ́n etí mi gbọ́ ọ dọ́kàn. Bí mo bá gba ipò kìíní ní kíláàsì, mo máa ń wo ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń wo ẹ̀yìn mi díẹ̀, bí ẹni tó wá pàdé èrò méjì níbùdókọ̀ tó sì jẹ́ pé ẹnì kan ló bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: òkú ni mò ń jowú.

Ní 1999, mo rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ Faransé àgbàlagbà kan ní Biétry, ní apá kejì ìlú. Ó ti fẹ̀yìn tì, owó àtijọ́ ló sì ń kó jọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, nítorí náà èmi ni mo ń fi kọ̀ǹpútà tẹ káàdì fún owó kọ̀ọ̀kan: ọdún rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́, bó ṣe wúwo tó, ipò tó wà. Bí àwọn ọkọ̀ èrò, gbaka àti wôrô-wôrô, bá ti gbò mí láti Abobo wá síbẹ̀, inú mi ì bá dùn láti wọ ilé tó tutù létí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ilé náà dákẹ́ jù. Ohùn ẹ̀rọ amúlétutù nìkan là ń gbọ́. Inú àwọn àpótí pẹlẹbẹ tí à ń fà jáde ni owó wọ̀nyẹn wà lórí aṣọ àrán pupa, orí ọba tó ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọba tó ti kú, púpọ̀ nínú wọn kọjú sí apá kan náà, bíi kí wọ́n máa tẹ́tí sí ẹnì kan nínú yàrá kejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo máa ń yọjú wo yàrá kejì yẹn kí n tó jókòó. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ọjọ́ orí kọ́ ló ń sọ owó di ọ̀wọ́n. Owó tó dàgbà ju bàbá ńlá wa lọ lè má ju iye fàdákà inú rẹ̀ lọ bí irú rẹ̀ bá pọ̀ níta. Ohun tí àwọn tó ń kó o jọ ń wò ni bí èyí tó ṣẹ́kù ṣe kéré tó, àti bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Ẹ wo ẹ̀yìn owó Faransé àtijọ́, nísàlẹ̀, ẹ ó rí lẹ́tà kékeré kan níbẹ̀. Lẹ́tà yẹn ló ń sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́. Ọba kan náà ni, ọdún kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlú kan rọ ọ́ bí ẹní ń da ọkà, òmíràn rọ díẹ̀ ó sì dáwọ́ dúró. Lẹ́tà bíńtín yẹn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín owó ọbẹ̀ ọjọ́ kan àti owó tó lè ra ilé. Bàbá náà tún kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọ́dọ̀ fọ owó kankan láéláé, pé ẹni tó bá fi ọṣẹ kan owó àtijọ́ ti bà á jẹ́. Èmi tí ìyá mi fi iyanrìn kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ha ìkòkò, ìkìlọ̀ yẹn le lójú mi.

Ó máa ń sọ̀tàn bí fàdákà fáráǹkì márùn-ún ṣe gba ọjà ilẹ̀ wa kan nígbà kan rí. Lójú tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn Dioula fi ń ka owó ní márùn-ún-márùn-ún títí dòní, tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dọrọmẹ. Nígbà tó ṣe, àwọn èèyàn kó fàdákà náà lọ bá alágbẹ̀dẹ, ó fi wọ́n rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí. "Ṣé ẹ rí ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó ní abúlé," ó máa ń wí, "ọba ló wà nínú wọn." Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á fà ro bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú dé. Nítorí náà ló ṣe bá alágbẹ̀dẹ fàdákà kan, ará Sénégal, ṣàdéhùn ní Treichville, pé kó máa pe òun kó tó fi owó àtijọ́ kankan sínú iná.

Ní 2003, ní ọ̀sẹ̀ tí mo mọ̀ pé mo lóyún, alágbẹ̀dẹ náà pè é. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo bá bàbá níwájú aṣọ àrán, owó kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀.

"Madame, ẹ wá wo ìparun," ó ní. "Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Abobo ló hú u. Lẹ́tà yìí, láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń wá a. Ká ní odindi ni, ẹni tó ni ín lè fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe fún un."

Ó yí i síhà ọ̀dọ̀ mi. Yẹ̀pẹ̀ pupa ṣì wà nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́yìn ọrùn ọba náà, láti etí owó wọnú, àpá kan wà níbẹ̀, ojú kan ṣoṣo.

"Ta ló gé e?" Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kò jọ tèmi.

"Ó lè jẹ́ oníṣòwò. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń gé etí owó wò bóyá fàdákà ni dénú. Mo ti rí irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà." Ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n èyí jìn jù. Ẹni tó gé èyí kò dán an wò. Ó pa á ni."

Ìgbà tí mo máa mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lórí ikùn mi. Bàbá kò rí mi. Ó ní kí n tẹ káàdì rẹ̀, àti pé níbi tí a ti máa ń kọ ipò tí owó wà, kí n kọ pé ó fara gbọgbẹ́. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n. Àwọn owó yòókù nínú ilé yẹn máa ń tutù bíi yìnyín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sọ fún ara mi pé ọwọ́ bàbá ló mú un gbóná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, kó má di àlọ́. Bí owó yìí bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, a jẹ́ pé òun ló ń bọ̀ nínú mi, ẹni tó mọ ọ̀nà wá tó sì mọ ọ̀nà lọ. Ọmọ tí mi ò tíì rí ni mo máa sin. Mo kàwé, yunifásítì Cocody ni mo ti gba dípúlómà mi, mo sì ti gbọ́ ohun tí àwọn dókítà sọ nípa àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó ń pa àwọn ọmọ wa ní kékeré. Gbogbo ìyẹn kò ní kí àyà mi má já. Mo bẹ bàbá pé kó yá mi ní owó náà, mo fẹ́ fi han ìyá mi. Ó gún èjìká. "Ẹ mú un lọ, madame. Kò sí olè tó máa fẹ́ ẹ."

Nínú gbaka tó ń lọ sí Abobo, obìnrin kan jókòó níwájú mi, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ náà kò wo ojú mi bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Báàgì orí itan mi ló ń wò. Mo gbé báàgì náà sí apá ọ̀tún, ó yí orí sápá ọ̀tún. Mo gbé e sápá òsì, ó tẹ̀ lé e. Kò sunkún, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀, ó ju ọwọ́ sí báàgì náà, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀.

Ìyá mi wà ní ìsọ̀, abọ́ rẹ̀ tò jọ yí i ká. Ó ti mọ̀ pé mo lóyún, ó ti jó, ó ti yin Ọlọ́run. Mo kàn fi owó náà lé e lọ́wọ́. Ó ṣe é bó ṣe ń ṣe gbogbo owó: ó wo ojú, ó wo ẹ̀yìn, àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ etí rẹ̀ lọ. Ó dé ibi àpá náà, ó dúró. Àtàǹpàkò yẹn wọ ibẹ̀ rẹ́gí. Nínú àwọn abọ́ tó wà lórí ara wọn, ọ̀kan dún, tíín, bíi kí ẹnì kan fi èékánná ta á. Èmi àti ìyá mi nìkan la wà níbẹ̀, àwa méjèèjì ò sì mira.

Ó gbójú sókè. Ó wo ikùn mi, ó wá wo ojú mi. Kò wo ẹ̀yìn mi lọ́jọ́ yẹn. Èmi gan-an ló wò, ó pẹ́ gan-an tó fi ń wò mí.

"Kì í ṣe òun," ó ní.

"Màmá, ẹ wò ó bien, ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́yìn ọrùn ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé lẹ́yìn ọrùn."

"Iwájú ni mo sọ. Níwájú, lábẹ́ àgbọ̀n. Ìwọ lo gbàgbé."

"Mi ò gbàgbé, Màmá. Depuis, láti kékeré mi lẹ ti ń…"

"Ṣé ìwọ lo gé e ni? Mo ní kì í ṣe òun."

Ó dá a padà fún mi, ó sì fi etí ìró nu ọwọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Dioula ná ìkòkò. Àárín ìnájà yẹn ló ti bi mí, láì wẹ̀yìn, "Kí ni òyìnbó yẹn fẹ́ fi ṣe?"

"Ó kàn ń tọ́jú rẹ̀ sílé ni."

"Bó bá ń padà sílùú rẹ̀ ńkọ́?"

"Á kó gbogbo owó rẹ̀ lọ. Kò lè fi ọ̀kan sílẹ̀."

"Kó kó o lọ," ìyá mi wí. "Kó gbé e sọdá òkun."

Inú bí mi. Ìtàn yẹn ni mo gbọ́ jù lọ láyé mi, mo lè kà á lójú oorun, ó wá ń sọ fún mi pé mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́ ju bí inú ṣe ń bí mi lọ. Mo dá owó náà padà fún bàbá, ó tì í mọ́ inú àpótí. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò yẹ owó wò mọ́. Bí wọ́n bá fún un ní ṣéńjì, á kàn sọ ọ́ sápò bí ẹni gbogbo. Àwọn Dioula ní ìyá Anago ti wá gba ìjọba gbọ́ wàyí. Mo rí i, mi ò sì bi í léèrè.

Ọmọbìnrin ni mo bí, ní 2004. Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gírígírí. Agbẹ̀bí ní bí ọmọ tuntun ṣe ń ṣe ni, ṣùgbọ́n ìyá mi ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Kò tíì bi wá bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó mú ọwọ́ náà, ó ń la ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Ó wo inú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ òfo ló wá!" Ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yọjú. Ọ̀rọ̀ tó dùn mí láti kékeré ló wá sọ di oríkì fún ọmọ mi. Kò dùn mọ́ mi nínú.

Àárọ̀ ló wá di ti àwọn méjèèjì. Ọmọ mi máa ń di ọwọ́ ọ̀tún sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá mi á lọ là á, á wo inú rẹ̀, á ní "Òfo," á fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọmọ á sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan tí ibà mú ọmọ náà, ọwọ́ yẹn kò ṣeé là. Mo wọlé bá ìyá mi tó tẹ̀ ba níwájú rẹ̀, ó ń bá ọwọ́ dídì náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Kò sí nǹkan rẹ lọ́dọ̀ mi. Mo ní kò sí nǹkan rẹ lọ́dọ̀ mi." Nígbà tí oògùn ṣiṣẹ́, ọwọ́ náà là fúnra rẹ̀.

Ní ìparí ọdún yẹn, ìgboro dàrú, ọ̀pọ̀ Faransé sì fi Abidjan sílẹ̀. Bàbá ará Biétry wà lára wọn. Ó pè mí lórí fóònù láti ibùdó ọkọ̀ òfuurufú, ó dúpẹ́, ó sì dágbére. Mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Ó kó àwọn owó rẹ̀ lọ?" Mo ní ó kó gbogbo wọn. Ó mí kanlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ra ẹja ńlá, ó sè é bí ọbẹ̀ ọdún, ó sì ń kọrin. Mo ní irú ìyá wo lèyí, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀ tó wá ń se àsè. Mo jẹ ẹja náà ṣá, ó dùn.

Nígbà tí ìjà wọ Abobo ní 2011, ara ìyá mi kò yá tẹ́lẹ̀. Oògùn rẹ̀ tán, ọ̀nà dí, ọkọ̀ kankan kò sì jáde. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìbọn dákẹ́ ló kú, láàárín èmi àti ọmọ mi. Inú àgbàlá la máa sin ín sí, nítorí kò sí ọ̀nà ibòmíràn. Bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, mo rí i pé ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí: mo bẹ̀rẹ̀ sí í la àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kò sí níbẹ̀, Maman." Ọmọ mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Le Blanc, òyìnbó yẹn, ti gbé e lọ."

Mo gbójú sókè. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ owó yẹn lójú rẹ̀ rí. Kò dá bàbá yẹn mọ̀, ìkókó ló ṣì jẹ́ nígbà tí ìyẹn lọ.

"Kí ló gbé lọ?"

"Owó tí mo mú bọ̀." Ó ń wo ìyá mi, kò wò mí. "Ìyá àgbà máa ń sọ ọ́ fún mi láàárọ̀, bí wọ́n bá la ọwọ́ mi. Wọ́n ní òun ló ní kí n mú un bọ̀, mo sì mú un bọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun sọ fún yín pé kì í ṣe owó náà, kí ọwọ́ mi lè ṣófo bíi ti yín, kí n lè dúró láyé bíi yín. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún yín, àfi bí òun bá lọ."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́. Mo sunkún fún ìyá tó fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wá owó kan, tí owó náà dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan láàárín ọjà, tó sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó ṣe, mo na ọwọ́ sí ọmọ mi. Ó wá, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sínú tèmi. Mo là á. Òfo ni.